Mo ti lo áńtíbọ́dì aláwọ̀ mẹ́rin fún sẹ́ẹ̀lì T apani: ó dára, àmọ́ ẹ ṣọ́ CD3 rẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ láàbù n'Ìbàdàn, tí ẹ fẹ́ ra áńtíbọ́dì (puròtéènì tó máa ń lẹ̀ mọ́ ohun kan pàtó lára sẹ́ẹ̀lì) tí a fi ń wo sẹ́ẹ̀lì T apani (sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun tó ń pa sẹ́ẹ̀lì tí fáírọ́ọ̀sì ti wọ̀) lórí flow cytometer (ẹ̀rọ tó ń fi léésà wo sẹ́ẹ̀lì lọ́kọ̀ọ̀kan), ẹ fara balẹ̀ kà á. N kò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Ìgò kékeré mẹ́rin ló wà nínú páálí náà: CD3, CD8, CD56 àti CD107a. Orúkọ àmì tí áńtíbọ́dì inú ìgò kọ̀ọ̀kan ń lẹ̀ mọ́ nìyẹn, àwọ̀ tirẹ̀ ni wọ́n sì so mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan.

CD8 rẹ̀ dára gan-an. Lójú kọ̀ǹpútà, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ní in máa ń dá dúró gedegbe. Ṣùgbọ́n CD8 nìkan ò tó, torí pé lára àwọn sẹ́ẹ̀lì NK (irú apani mìíràn tí kì í ṣe T) náà ní in, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tiwọn kì í tàn tó bẹ́ẹ̀. CD3 la fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀: sẹ́ẹ̀lì T ní in lára, NK ò ní. CD56, tó jẹ́ àmì NK, kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò fún mi.

CD107a gan-an ni mo tìtorí ẹ̀ rà á. Inú sẹ́ẹ̀lì apani ni àwọn àpò kéékèèké tó kó perforin àti granzyme dání wà. Bí sẹ́ẹ̀lì yìí bá rí ègé puròtéènì àjèjì lórí HLA-A, B tàbí C (puròtéènì tí sẹ́ẹ̀lì fi ń gbé ohun inú rẹ̀ síta) lára sẹ́ẹ̀lì tí fáírọ́ọ̀sì ti wọ̀, CD8 yóò di HLA náà mú, àwọn àpò yóò sún wá sétí, wọn yóò sì tú dà sílẹ̀. Perforin á lu ara sẹ́ẹ̀lì yẹn, granzyme á gba ibẹ̀ wọlé, sẹ́ẹ̀lì á sì pa ara rẹ̀. (Doherty àti Zinkernagel ló fi eku hàn lọ́dún 1974 pé apani kì í dá fáírọ́ọ̀sì mọ̀ láìsí H-2 (HLA ti eku) tó jẹ́ irú tirẹ̀ níbẹ̀, wọ́n gba Nobel fún un ní 1996.) Ara àpò wọ̀nyẹn ni CD107a ń gbé. Ìgbà tí àpò bá tú nìkan ló ń yọ síta, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi padà wọlé. Nítorí náà, àtìgbà tí ẹ bá ti ń ru sẹ́ẹ̀lì sókè ni kí ẹ ti bu áńtíbọ́dì rẹ̀ sí i, pẹ̀lú monensin (oògùn tí kì í jẹ́ kí CD107a tó padà wọlé bàjẹ́). Ìsàlẹ̀ pátápátá nínú ìwé ìlò ni wọ́n kọ èyí sí, lẹ́tà rẹ̀ ò sì ju ti èèrà lọ.

Ibi tó ti bí mi nínú rèé. PE-Cy7 (àwọ̀ PE tí wọ́n so Cy7 mọ́) ni wọ́n so mọ́ CD3, PE lásán ni wọ́n so mọ́ CD107a. Ooru àti ìmọ́lẹ̀ máa ń ba PE-Cy7 jẹ́, tó bá sì ti bàjẹ́, ojú PE ló máa ń tàn sí. Ẹ rí i báyìí pé sẹ́ẹ̀lì T tí kò ṣe nǹkan kan á wá dà bí èyí tó ń pani! Ní ìlú tí iná ti ń lọ lójijì, tí ọkọ̀ sì lè há sójú ọ̀nà Èkó pẹ̀lú ẹrù yín nínú oòrùn, ta ló ronú irú ètò bẹ́ẹ̀?

Fíríìjì tó wà láàárín 2 sí 8°C ni kó máa wà, ẹ má jẹ́ kó dì. Ẹ fi fọ́ìlì wé e, kí ẹ sì máa ní túùbù kan tó jẹ́ CD3 nìkan, kí ẹ fi wo bóyá ó ti ń jò sí ojú PE.

Dọ́là ni wọ́n ń kà, ẹ wá láàbù míì tí ẹ ó jọ dá owó rẹ̀. Mo fún un ní 7 nínú 10. CD3 oní-PerCP (àwọ̀ mìíràn tí kò ní PE nínú) ni màá rà lọ́tọ̀ báyìí. Léésà aláwọ̀ búlúù tó wà lára ẹ̀rọ wa gbé e dáadáa.