Ẹ ṣọ́ra o: bíréèkì dísìkì ẹ̀yìn tí wọ́n ń tà fún wa ní Òṣogbo bíi tuntun, ògbólógbòó tí wọ́n kùn lọ́dà ni

Ẹ̀yin èèyàn mi tí ẹ ń fi pikọ́ọ̀pù wá oúnjẹ òòjọ́ ní Òṣogbo, ní Ìkìrun, ní Ẹdẹ títí dé Iléṣà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ ka èyí kí ẹ tó sanwó bíréèkì fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n lù mí ní jìbìtì. Owó tó lọ dùn mí, àmọ́ kì í ṣe owó ló gbé mi dédìí ọ̀rọ̀ yìí, ọmọ kan tó ń kiri omi inú ọ̀rá ló kù díẹ̀ kó bá a lọ, èmi ni mo sì páàkì mọ́tò yẹn síbẹ̀.

Hilux tí mo ń lò ti pẹ́ lọ́wọ́ mi, dísìkì (àwo irin tí páàdì máa ń fún mọ́ láti dá táyà dúró) ló wà níwájú ẹ̀, dírọ́ọ̀mù (èyí tó dà bí ìkòkò irin, tí súù ń tẹ̀ láti inú) ló wà lẹ́yìn, bó ṣe bá a wá nìyẹn. Epo pupa ni mo fi ń kó láti Ìpetu-Ijẹ̀ṣà, ẹ̀yin tí ẹ bá mọ ọ̀nà ibẹ̀ ẹ mọ̀ pé òkè pọ̀ níbẹ̀. Tí ẹrù bá kún ẹ̀yìn tí mo wá ń sọ̀ kalẹ̀, dírọ́ọ̀mù á gbóná débi pé mo máa tẹ bíréèkì tí kò ní fẹ́ mú mọ́, tó bá tún wá jẹ́ ìgbà òjò tí omi ráyè wọnú ẹ̀, àfi kí n tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́ẹ̀mẹrin kó tó dá mọ́tò dúró. Dísìkì ò rí bẹ́ẹ̀, ìta gbangba ló wà, atẹ́gùn ń fẹ́ sí i, omi kì í sì í pẹ́ lára ẹ̀. Ìdí tí mo fi ní kí n yí tẹ̀yìn sí dísìkì nìyẹn. Mi ò sì sọ pé iṣẹ́ náà ò dáa o, ọ̀rẹ́ mi kan ṣe é, ó ń gbádùn ẹ̀ di bí mo ṣe ń sọ yìí.

Orí WhatsApp ni mo ti rí ọkùnrin tó tà á fún mi. Fọ́tò tó gbé síbẹ̀ wuyì, kàlípà (irin tó gbé páàdì dání, tó ń fún un mọ́ dísìkì) tí wọ́n kùn ní pupa, dísìkì tó ń dán gbinrin nínú páálí, ó ní tuntun ni láti Thailand, ó ní kò sí wẹ́dìn rárá, bóòtù lásán lẹ máa fi dè é. Ó pè é ní 280,000 náírà, mo nà án dé 245,000, mo fi 200,000 ránṣẹ́ sí i kí n tó fojú kan ọjà, ibi tí mo ti kọ́kọ́ ṣìnà nìyẹn. Ọjọ́ tó gbé e wá, ọ̀gá mẹkáníìkì mi ò sí ní ṣọ́ọ̀bù, ó lọ sìnkú ní Ìwó. Mo ní ká dúró dè é, ọkùnrin yìí ní kò pọn dandan, pé ọmọ tóun mú wá mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Láàárín wákàtí mẹ́ta wọ́n ti tò ó tán, wọ́n ti gba 45,000 tó kù, wọ́n ti lọ.

Mo tẹ pẹ́dà, ó rọ̀ bẹ́ẹ̀ẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Mo pè é, ó ní á le tó bá yá, pé páàdì ṣì ń jókòó ni. Mo fa háńdì-bíréèkì, ó gòkè wá bíi pé kò sí nǹkan kan nídìí ẹ̀. Mo tún pè é, ó ní mọ́tò oní dísìkì kì í lo háńdì-bíréèkì, jíà ni kí n máa fi há a. Ẹ dákun, ẹni tó bá sọ báyìí fún yín, ẹ gba owó yín lọ́wọ́ ẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Kò sí mọ́tò tí kì í lo háńdì-bíréèkì. Ọ̀nà méjì ni wọ́n sábà máa ń gbà ṣe tàwọn oní dísìkì ẹ̀yìn: yálà kí kàlípà fúnra ẹ̀ ní apá kékeré kan tí wáyà á máa fà, tàbí kí dírọ́ọ̀mù kékeré wà nínú ikùn dísìkì yẹn gan-an pẹ̀lú súù méjì tín-ín-rín. Èmi ò mọ̀ nígbà yẹn, mo gbà á gbọ́.

Lọ́jọ́ kẹta, mo gbé epo lọ fún oníbàárà mi kan ní Òkè-Baálẹ̀, mo páàkì lójú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, mo há a sí jíà bó ṣe wí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ kẹ́ẹ̀gì kẹta kalẹ̀ ni mo gbọ́ tí ẹnì kan ké "mọ́tò o!", bí mo ṣe yíjú báyìí, ó ti ń fẹ̀yìn rìn lọ, ó ń lọ díẹ̀díẹ̀, ó ń dúró, ó tún ń lọ, ọmọbìnrin tó ń kiri omi sì ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀ níbi tó ti ń ka ṣéńjì. Igbe tí mo fi ta mi ò mọ irú ẹ̀. Ọlọ́run fi bíríkìlà kan sítòsí, ó ju búlọ́ọ̀kù sábẹ́ táyà, ìdajì búlọ́ọ̀kù yẹn fọ́ kó tó dúró. Ọmọ yẹn ò tiẹ̀ mọ nǹkan tó ṣẹlẹ̀, ó ń wò mí pé kí ló ń ṣe mí tí mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ìgbà tí ọ̀gá mi padà dé la tú u. Ẹ gbọ́ nǹkan tá a bá níbẹ̀. Ó fi ìṣó ha ọ̀dà ara dísìkì, dípáàtà ló wà lábẹ́ ẹ̀. Mo fọwọ́ gba etí ẹ̀, ó yọ gedegbe bí etí àwo, èyí túmọ̀ sí pé páàdì ti jẹ àárín ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ara dísìkì ni wọ́n máa ń kọ ọ́ sí, MIN TH, pẹ̀lú iye tí kò gbọdọ̀ tín-ín-rín jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ti fi máṣíìnì ha tọwọ́ ọ̀tún dànù, wọ́n gbàgbé tọwọ́ òsì, 16mm ló wà níbẹ̀. Ọ̀gá fi fánìà, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wọn bí irin ṣe nípọn tó, wọ̀n ọ́n, ó jẹ́ 15.2mm. Ó ti kọjá kí wọ́n jù ú nù, òun ni wọ́n kùn tà fún mi. Ọ̀gá ní tẹ̀yìn Prado ni, ikùn ẹ̀ ní àyè súù háńdì-bíréèkì, àmọ́ wọ́n ti gé àwo irin tó yẹ kó gbé súù náà dànù kó lè bá áàsù mi, irin gbọọrọ tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, mu.

Kàlípà wá ńkọ́? Tọwọ́ òsì ni méjèèjì. Torí náà, nígbà tí wọ́n de ọ̀kan sọ́wọ́ ọ̀tún, ihò tí wọ́n ń gbà tú atẹ́gùn inú ọ́ìlì bíréèkì jáde dorí kodò, ó wà nísàlẹ̀. Atẹ́gùn kì í wálẹ̀, òkè ló ń lọ, ẹ lè tẹ pẹ́dà láti àárọ̀ dalẹ́, atẹ́gùn yẹn ò ní jáde láé, ìdí tí pẹ́dà fi rọ̀ nìyẹn. Irin tí wọ́n fi so kàlípà mọ́ áàsù, gáàsì ni wọ́n fi gé e, ojú ihò bóòtù ò bára mu, páàdì ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láàárín ọjọ́ mẹ́ta péré. Wọ́n tún fi wáyà so apá fáàfù tó wà lókè áàsù ẹ̀yìn mọ́bì kan. Fáàfù yẹn ló ń wo bí ẹrù ṣe wúwo tó kó tó mọ iye agbára tó máa fún bíréèkì ẹ̀yìn, tí wọ́n bá so ó pa tí mọ́tò sì ṣófo, táyà ẹ̀yìn lè há gbagidi lórí omi kí ìdí mọ́tò sì gbá yípo.

Nítorí náà, tí ẹ bá fẹ́ ra irú ẹ̀, lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni o, ẹ má sanwó kí páálí tó ṣí. Ẹ mú mẹkáníìkì yín dání, tí ò bá sí nílé, ọjọ́ míì ọjọ́ ire. Ẹ ní kí wọ́n fi ibi tí wáyà háńdì-bíréèkì máa so mọ́ hàn yín kí ẹ tó béèrè ohunkóhun míì, ìbéèrè yẹn nìkan ì bá ti gbà mí. Ẹ gbé kàlípà méjèèjì síra wọn, wọ́n gbọ́dọ̀ kọjú síra bí ọwọ́ ọ̀tún àti òsì ni, kì í ṣe kí wọ́n jọra délẹ̀. Ẹ wá MIN TH lára dísìkì, ẹ wọ̀n ọ́n. Fánìà wà lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe tọ́nà, wọ́n á yá yín.

Mo ti lọ bá ọkùnrin náà. Ó nawọ́ sí ẹ̀yìn rìsíìtì, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọjà tí a bá tà a kì í gbà á padà. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn dẹ́rù bà yín, òfin ọdún 2018 tí FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, ń lò fún oníbàárà lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ọjà tó lábùkù padà, mo sì ti ń kó fọ́tò àti ẹ̀rí owó tí mo fi ránṣẹ́ jọ láti fi kọ̀wé sí wọn. Dírọ́ọ̀mù mi ti padà sídìí mọ́tò, súù tuntun ni mo fi sí i, mo rọra ń lò ó.

Àná ni mo tún rí i lórí WhatsApp, páálí kan náà, kàlípà pupa kan náà, ó ní ó ku sẹ́ẹ̀tì méjì. Tí ẹ bá mọ ẹni tó ti ń bá a dúnàádúrà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ pè é lónìí, kó má tíì fowó ránṣẹ́.