Alginate, silicone, polyether àbí sikánà: èwo ni kẹ́ ẹ rà fún títẹ eyín?

Ọmọ dispatch kan gbé nǹkan wá bá mi ní láàbù lọ́jọ́ kan ní Ìkòròdú níbí, láti Ẹ̀pẹ́ ló ti ń bọ̀. Mo tú nylon ẹ̀, mo bá alginate tí wọ́n fi tẹ eyín obìnrin kan fún kiráùn, ìyẹn adé tí wọ́n máa ń dé eyín, etí alginate yẹn ti ká sókè bí ewé tí wọ́n sá sóòrùn, ó ti ṣí kúrò lára tíréè lápá kan, ó dẹ̀ ti le. Àárọ̀ ni wọ́n tẹ̀ ẹ́, ọ̀sán ti pọ́n kó tó dé ọwọ́ mi. Mo pè wọ́n pé kí wọ́n tún un tẹ̀, wọ́n ní obìnrin yẹn ti lọ, kí n ṣáà bá wọn ṣe é bẹ́ẹ̀. Mo ṣe é. Kiráùn ò wọlé, wọ́n rin ín títí, kò jókòó, obìnrin yẹn tún wọ mọ́tò padà wá jókòó sórí àga lẹ́ẹ̀kejì, owó mi àti àsìkò mi náà sì wọgbó. Látọjọ́ yẹn mi ò gba irú ẹ̀ mọ́, kò sẹ́ni tó lè bẹ̀ mí.

Èmi kì í ṣe dókítà eyín, èmi ni mo máa ń gba ohun tí dókítà bá tẹ̀ jáde lẹ́nu èèyàn tí mo máa fi mọ eyín. Mo ń kọ eléyìí fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ṣí kílíníìkì tẹ́ ẹ fẹ́ ra nǹkan sí i, àtẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ sanwó eyín tẹ́ ẹ fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń kì sí yín lẹ́nu. Ẹ má kọ́kọ́ béèrè pé èló ni. Iṣẹ́ wo lẹ fẹ́ fi ṣe, wákàtí mélòó ló máa lò lójú ọ̀nà kó tó dé ọwọ́ ẹni tó máa da pí-ó-pí sí i kó lè di òkúta tó jọ eyín yẹn? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Alginate ló pọ́ọ́kú jù. Ara ewé inú òkun ni wọ́n ti ń yọ ọ́, ìyẹ̀fun ni, ẹ ó fi omi pò ó nínú abọ́ rọ́bà, ẹ ó rò ó títí tí ò ní sí kókó níbẹ̀, ẹ ó gbé e sẹ́nu, bí ìṣẹ́jú 2 sí 4 ó ti dì bíi mọ́ínmọ́ín. Omi tútù ni kẹ́ ẹ lò o, torí tí omi bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ báyìí, ó lè dì kẹ́ ẹ tó gbé e débi eyín. Ó dáa fún àwòkọ ẹnu tí dókítà fẹ́ fi ronú, ó dáa fún eyín àtọwọ́dá oní-akírílíìkì tó ṣeé yọ, ó dáa fún eyín òdìkejì tó máa pàdé kiráùn. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ara ẹ̀, omi ló tó 85%. Ṣé ẹ ti rí ẹ̀kọ tútù tí wọ́n ṣí ewé ẹ̀ kalẹ̀ tí wọn ò tètè jẹ, bó ṣe ń sun omi tó sì ń sún kì? Ohun tó ń ṣe alginate náà nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá ní kó má gbẹ tẹ́ ẹ wá rì í sómi, á mu omi, á wú, kò sèyí tó dáa nínú méjèèjì. Ẹ fi tíṣù tútù wé e, ẹ kì í sínú nylon tó dé pa, kí pí-ó-pí dẹ̀ ti wà nínú ẹ̀ láàrin ìṣẹ́jú 10 sí 15. Àwọn kan wà tí wọ́n ṣe kí wọ́n lè pẹ́ tó ọjọ́ mélòó kan, wọ́n máa kọ ọ́ sára páálí, ẹ kà á dáadáa kẹ́ ẹ tó sanwó.

Ọ̀rọ̀ silicone ni wọ́n ti ń rẹ́ èèyàn jẹ jù, torí oríṣi méjì ló wà, tẹ́ ẹ bá sì rí wọn lórí àtẹ, ẹ lè má mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Àkọ́kọ́ ni wọ́n ń pè ní condensation. Bó ṣe ń dì ló ń tú ọtí jáde lára, ọtí yẹn á fẹ́ lọ, òun náà á sún kì, torí náà ọjọ́ tẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ náà lẹ gbọ́dọ̀ da pí-ó-pí sí i, bó bá ṣe yá tó ló ṣe dáa tó. Èkejì ni addition, àwọn kan ń pè é ní PVS. Tiẹ̀ ò tú ọtí kankan jáde, ó máa ń dúró bẹ́ẹ̀ ni, ẹ lè tẹ̀ ẹ́ lónìí kí n da nǹkan sí i lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí n tún dà á lẹ́ẹ̀kejì tí àkọ́kọ́ bá fọ́. Bẹ́ ẹ ṣe máa dá wọn mọ̀ lọ́jà rèé: tẹ́ ẹ bá rí ike ńlá kan pẹ̀lú túùbù kékeré kan tí wọ́n máa fún sí i, condensation nìyẹn lọ́pọ̀ ìgbà, tó bá jẹ́ ike méjì tó dọ́gba, àwọ̀ wọn yàtọ̀, tẹ́ ẹ máa bu ìkan bu ìkan, addition nìyẹn. Owó addition ju ti condensation lọ, ṣùgbọ́n owó kiráùn tí wọ́n tún ṣe lẹ́ẹ̀mejì jùyẹn lọ fíìfíì.

Ẹ gbọ́ eléyìí o, ẹ má fi gílọ́ọ̀fù látẹ́ẹ̀sì pò addition yẹn lọ́wọ́. Imí ọjọ́ tó wà nínú rọ́bà yẹn ò ní jẹ́ kó dì, á kàn máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́, ẹ ó sì rò pé fééèkì ni wọ́n tà fún yín. Nitrile ni kẹ́ ẹ wọ̀. Kò dẹ̀ fẹ́ràn omi, torí náà ẹ gbẹ itọ́ àti ẹ̀jẹ̀ kúrò létí eyín dáadáa, torí ibi tí itọ́ bá dúró sí, ihò ló máa wà níbẹ̀ tó bá dé ọ̀dọ̀ mi, ó sì máa ń jẹ́ etí ibi tí kiráùn fẹ́ parí sí gan-an.

Polyether ti wà láti 1965, ilé iṣẹ́ ESPE ní Jámánì ló gbé tiwọn tó ń jẹ́ Impregum jáde lọ́dún yẹn. Ó le, kì í rọ̀ yẹ̀bẹ̀yẹ̀bẹ̀, itọ́ díẹ̀ ò dẹ̀ dí i lọ́wọ́ tó silicone. Líle yẹn náà ni wàhálà ẹ̀: tí eyín aláìsàn bá mì, tàbí tí bíríìjì kan, ìyẹn eyín àtọwọ́dá tí wọ́n so mọ́ eyín ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, wà níbẹ̀ tí àyè wà lábẹ́ ẹ̀, ó lè há síbẹ̀, ẹ sì lè fa eyín mọ́ ọn, torí náà ẹ kọ́kọ́ dí àyè yẹn. Kò dùn lẹ́nu rárá. Ibi gbígbẹ ni kẹ́ ẹ tọ́jú ẹ̀ sí, ẹ má kì í sínú nylon kan náà pẹ̀lú alginate tó tutù, á fa omi ẹ̀ mu.

Ó wá kan implant, ìyẹn títáníọ́ọ̀mù tí wọ́n rì sínú egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ dípò gbòǹgbò eyín, ibí yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fọkàn sí. Eyín tí Ọlọ́run dá mọ́ wa, nǹkan tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn ló so ó mọ́ egungun, ó máa ń jì díẹ̀ tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́, tí kiráùn bá ṣì díẹ̀ ó lè gbà á mọ́ra. Implant ò ní irú okùn yẹn, egungun ti di títáníọ́ọ̀mù yẹn mú gbagba. Tí èyí tí mo ṣe bá ṣì níbẹ̀, ojú ẹ̀ ni gbogbo wàhálà máa wà, bóòtù á máa tú, ó tiẹ̀ lè kán. Fún implant, alginate ò wọ ọ̀rọ̀ yẹn rárá. Addition tó nípọn tàbí polyether ni. Wọ́n máa de irin kékeré kan tó ń jẹ́ coping mọ́ implant kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Tó bá jẹ́ ẹyọ kan, tíréè tó dé pa lè ṣe é, wọ́n á tú coping lẹ́nu, wọ́n á kì í padà sójú ihò ẹ̀. Tó bá ti tó mẹ́ta mẹ́rin, tàbí tí wọn ò dúró gún régé, tíréè tó ṣí lókè ni kẹ́ ẹ lò, kí bóòtù yọ jáde lókè, kẹ́ ẹ tú u látibẹ̀, kí coping bá ohun tẹ́ ẹ fi tẹ̀ ẹ́ jáde lẹ́ẹ̀kan náà, kẹ́ ẹ sì ti fi resin, ìyẹn ike rírọ̀ tó máa ń le, so àwọn coping pọ̀ lẹ́nu ṣáájú. Ẹ ya X-ray kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, ẹ wò ó bóyá coping jókòó tán. Mo ti rí èyí tí ẹran ẹ̀rìgì há sábẹ́ ẹ̀, ojú lásán ò rí i, ṣùgbọ́n eyín tí mo ṣe ga ju gbogbo eyín tó kù lẹ́nu yẹn lọ.

Sikánà ńkọ́? Kì í ṣe nǹkan àná, 1985 ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi èyí tó ń jẹ́ CEREC ṣe eyín fún èèyàn ní Zurich. Kámẹ́rà ni, ẹ ó fi rìn káàkiri eyín, àwòrán á máa jáde lójú kọ̀ǹpútà, tẹ́ ẹ bá ṣàṣìṣe ẹ ó rí i lójú ẹsẹ̀, aláìsàn ò tún ní máa bì. Ẹ ó kàn fi fáìlì ránṣẹ́, góósìlóò Mile 12 ò kàn yín. Fún eyín kan tàbí bíríìjì kúkúrú, mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ odindi párì tí implant pọ̀ níbẹ̀, àṣìṣe kékeré kékeré máa ń gun ara wọn bó ṣe ń lọ láti ìpẹ̀kun kan dé ìkejì, kò sì lè rí ohun tí ẹ̀jẹ̀ tàbí ẹ̀rìgì bá bò. Kẹ́ ẹ tó rà á, ẹ béèrè: ṣé ó ń gbé fáìlì STL jáde tí láàbù èyíkéyìí lè ṣí? Ṣé owó wà tẹ́ ẹ máa máa san lọ́dọọdún? Ẹ̀ẹ̀melòó ni orí ẹ̀ lè wọ autoclave, ẹ̀rọ tó ń fi ooru pa kòkòrò, kó tó bàjẹ́? Ta ló ń tún un ṣe l'Ékòó níbí? Ẹ ka owó inverter mọ́ ọn, kọ̀ǹpútà tó lágbára náà ńkọ́.

Tó bá jẹ́ èmi ni mo fẹ́ ṣí kílíníìkì ní Ìjẹ̀dẹ̀ lónìí, alginate àti addition ni mo máa rà, máa fi polyether kún un tí implant bá bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé déédéé. Sikánà lè dúró. Àwọn láàbù míì ní sikánà orí tábìlì tí wọ́n fi ń ka pí-ó-pí, ẹ ṣì máa rí kiráùn zirconia gbà níbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ ra tẹnu. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sanwó eyín, tó bá jẹ́ kiráùn tàbí implant, ẹ bi dókítà yín tìfẹ́tìfẹ́ pé kí ni wọ́n máa fi tẹ̀ ẹ́, inú dókítà tó mọṣẹ́ ò ní bí i.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣan ẹ̀jẹ̀ kúrò, ẹ pa kòkòrò ara ẹ̀ kẹ́ ẹ tó dì í, kẹ́ ẹ sì kọ aago tẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ sára nylon. Tó bá jẹ́ alginate láti Ẹ̀pẹ́ ni, ọ̀dọ̀ yín níbẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti da pí-ó-pí sí i, kó le dáadáa, òkúta ẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbé fún dispatch.