Ọ̀rá ìdí àti ọ̀rá inú ikùn

Obìnrin onídìí ńlá àti ọkùnrin tí ikùn rẹ̀ yọ síwájú lè tẹ̀wọ̀n kan náà, àmọ́ ọ̀rá wọn ò ṣiṣẹ́ bákan náà. Bí ọ̀rá ìdí àti itan bá ń pọ̀ sí i, ó sábà máa ń bí sẹ́ẹ̀lì tuntun tó ń gba ọ̀rá pamọ́ lábẹ́ awọ. Kò burú.

Èyí tó rọ̀ mọ́ ìfun gan-an ni wàhálà. Sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ sábà máa ń wú bí àpò gàrí tí wọ́n kì dé ọrùn, kò ní gbọ́ ti ínsúlínì, èròjà ara tó ń darí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, mọ́, ọ̀rá á wá máa jò gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ lọ sínú ẹ̀dọ̀. Ibẹ̀ ni àtọ̀gbẹ oríṣi kejì ti ń rọ́nà wọlé. Tèmi o, ìdí ńlá ò bà mí lẹ́rù. Ikùn tí àyíká rẹ̀ kọjá sẹ̀ǹtímítà 102 lára ọkùnrin, tàbí 88 lára obìnrin, ni mò ń sá fún.