Gáráàjì tó mọ iṣẹ́ dáínò: àyẹ̀wò fún ẹni tó ní ọkọ̀ tọ́bò ní Àjàṣẹ́

Pátákó tí wọ́n kọ « reprogrammation moteur » (títún ètò kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì kọ) sí kò ṣòro rí láti Àjàṣẹ́ dé Kútọnu. Ẹni tó ṣòro rí ni mẹkáníìkì tí yóò wo Golf GTI tàbí Subaru tí ẹ ti pààrọ̀ tọ́bò rẹ̀ (ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ wọ inú ẹ́ńjìnnì), tí yóò sì sọ fún yín lójú ara yín pé, “Ẹ gbé e padà, kò tíì yẹ kó gun dáínò,” ìyẹn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn agbára ẹ́ńjìnnì. Gáráàjì irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni àwa máa fún ní máàkì tó ga jù, bí ẹ̀rọ rẹ̀ tiẹ̀ ti gbó. Iṣẹ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń tà lábẹ́ orúkọ kan náà, ẹ jẹ́ ká yẹ̀ wọ́n wò.

Àkọ́kọ́ ni ẹni tó ń ta fáìlì ètò ẹ́ńjìnnì. Á so láptọ́ọ̀pù mọ́ kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì, á ka ohun tó wà nínú rẹ̀, á fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì tó wà lókèèrè, á sì kọ fáìlì tuntun tó bá padà wá sínú ọkọ̀. Lórí ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan nǹkan kan lára rẹ̀, ó lè ṣiṣẹ́. Golf GTI ìran karùn-ún, tó ní ẹ́ńjìnnì 2.0 TFSI, agbára ẹṣin 200 àti tọ́ọ̀kì (agbára yíyí) Nm 280 ló fi jáde ní ilé iṣẹ́, àyè sì wà láti fi kún un. Àmọ́ tí ẹ bá ti pààrọ̀ injẹ́tọ̀ (ohun tó ń fín ẹsáńsì), tọ́bò tàbí páìpù èéfín, ẹ má fún un lówó, nítorí ẹni tó kọ fáìlì náà kò gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì yín rí, kò sì mọ irú ẹsáńsì tí ẹ ń rà. Ẹ béèrè bóyá ó máa fún yín ní ẹ̀dà fáìlì àkọ́kọ́, ẹ sì wò ó bóyá ó máa so ṣájà mọ́ bátìrì kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́. Bí iná bátìrì bá já lulẹ̀ láàárín iṣẹ́, tàbí tí wáyà tó ń lò bá jẹ́ ayédèrú, kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì lè kú pátápátá, ọkọ̀ kò sì ní ṣíná mọ́.

Ìkejì ń ṣe tirẹ̀ lójú títì. Á fi sẹ́ńsọ̀ Bosch LSU 4.9 sára páìpù èéfín láti ka ìdàpọ̀ afẹ́fẹ́ àti ẹsáńsì, á máa wakọ̀, á máa gba àkọsílẹ̀ sórí láptọ́ọ̀pù. Iṣẹ́ gidi ni, a sì fẹ́ràn rẹ̀ ju ti ẹni fáìlì lọ. Ibi tó ti kùnà ni ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí kíákíá: kò sí ibi tí èèyàn lè tẹ ẹ́ńjìnnì dé ìyípo 6500 ní ìṣẹ́jú kan lójú ọ̀nà Kútọnu láàárín àwọn zémì (ọ̀kadà) láìdán ikú wò. Ẹ jẹ́ kó ṣètò ìwakọ̀ jẹ́jẹ́ àti àárín, kí ẹ fi ìyókù sílẹ̀ fún dáínò.

Ìkẹta ni dáínò fúnra rẹ̀. Èyí tó ní rólà lásán ń fi bí rólà ṣe yára tó ṣírò agbára. Ó dáa fún ìwọ̀n, kò fi bẹ́ẹ̀ dáa fún títọ́ ẹ́ńjìnnì. Èyí tó ní bíréèkì lè di ẹ́ńjìnnì mú sí ìyípo 3000 gbọingbọin títí ẹni tó ń tọ́ ọ fi máa tún ìlà kọ̀ọ̀kan ṣe, nítorí náà òun ni kí ẹ wá. Èyí tí wọ́n ń dè mọ́ họ́ọ̀bù lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ táyà náà dára, torí táyà kò ní yọ̀. Subaru tó ń fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rìn kò gbọ́dọ̀ gun rólà ẹlẹ́sẹ̀ méjì láéláé. Gáráàjì tó bá ní “kò séwu” nípa èyí, ẹ ṣíná ọkọ̀ yín kí ẹ máa lọ.

Ọ̀rọ̀ tó gbẹ́mìí ẹ́ńjìnnì jù níbí ni ẹsáńsì. Gbogbo wa la mọ kpayo, ẹsáńsì fàyàwọ́ tó wà nínú ìgò àti jálékàn láti Ouando dé ẹnu ibodè. Kò sẹ́ni tó lè sọ ọ́kítéènì rẹ̀ (bó ṣe lè dúró tó láìgbiná fúnra rẹ̀) fún yín, nítorí ó ti kọjá lọ́wọ́ púpọ̀, omi tàbí kẹrosín sì lè ti wọ inú rẹ̀. Kẹrosín ń fa ọ́kítéènì wálẹ̀ gan-an. Tí tọ́bò bá ń fẹ́ afẹ́fẹ́ kíkún wọlé, tí plọ́ọ̀gì sì tàn, ìyókù ẹsáńsì tí iná kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ á gbiná fúnra rẹ̀. Ìyẹn ni nọ́ọ̀kì. Lórí Subaru EJ25, ibi tó sábà máa ń fọ́ ni irin tín-ín-rín tó wà láàárín ríìngì kan àti èkejì lára písítìnì, èéfín búlúù àti ọ́ìlì tó ń tán lójijì ni ẹ máa fi mọ̀.

Nítorí náà, ẹsáńsì tí ẹ máa ń rà lójoojúmọ́ ni kí ẹ gbé wá, láti ibùdó epo kan ṣoṣo, ó kéré tán ìdajì táǹkì. Ẹ sọ ibi tí ẹ ti rà á. Gáráàjì tó mọṣẹ́ á wá ibi tí nọ́ọ̀kì ti bẹ̀rẹ̀, á sì fa táímì plọ́ọ̀gì sẹ́yìn ní dígírì méjì tàbí mẹ́ta kó tó fi í sílẹ̀. Ẹni tó bá fi í sí etí ọ̀gbun gan-an kí nọ́ńbà lè dùn, nọ́ńbà ló tà fún yín. Bí ẹ bá mọ̀ pé ọjọ́ kan á wà tó jẹ́ pé kpayo nìkan lẹ máa rí, ẹ ní kó fi ètò kejì tí tọ́bò rẹ̀ kéré sínú ọkọ̀. Oògùn inú ìgò tó ní òun ń gbé ọ́kítéènì sókè ní « 5 points » ọ́kítéènì 0.5 péré ló ń sọ, ẹ má gbọ́kàn lé e.

Kí gáráàjì tó dá iye owó, ó yẹ kó béèrè ìbéèrè lórí fóònù. Ìfúnpá inú sìlíńdà ńkọ́? Kí èyí tó kéré jù má fi ju ìdá kan nínú mẹ́wàá dín sí èyí tó ga jù. Ṣé ẹ ti fi èéfín tàbí afẹ́fẹ́ dán páìpù tọ́bò wò, kó má baà jò? Plọ́ọ̀gì ńkọ́? Fún tọ́bò tí a ti gbé sókè, èyí tó fi ìpele kan tutù ju ti ilé iṣẹ́ lọ (tó ń yára gbé ooru lọ) ni a máa ń lò, àlàfo rẹ̀ á sì jẹ́ mílímítà 0.7 tàbí kó sún mọ́ ọn. Nọ́ńbà NGK tó bá ga ló tutù, ti Bosch yí padà, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń gbà ra plọ́ọ̀gì òdì. Pọ́ọ̀ǹpù ẹsáńsì Walbro 255 pọ̀ lọ́jà, ayédèrú rẹ̀ náà pọ̀, nítorí náà kí wọ́n wọn ìfúnpá ẹsáńsì nígbà tí tọ́bò ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe nígbà tí ọkọ̀ dúró jẹ́ẹ́ nìkan. Lórí 2.0 TFSI àtijọ́, kí wọ́n tú pọ́ọ̀ǹpù ẹsáńsì ńlá kí wọ́n wo fìlà irin kékeré tí káàmù (ọ̀pá tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì) ń tì; bó bá ti jẹ, káàmù ló kàn.

Nígbà tí ọkọ̀ bá wà lórí rólà, ẹ wo fáànù: ó gbọ́dọ̀ lágbára, kó sì dojú kọ rédíétọ̀ àti íńtákúlà (ohun tó ń mú afẹ́fẹ́ tọ́bò tutù). Fáànù ilé lásán kò tó fún ooru wa. Kí wọ́n de bẹ́líìtì mọ́ irin abẹ́ ọkọ̀, kó má ṣe jẹ́ apá sọ́kì. Jíà tó sún mọ́ 1:1 ni wọ́n ń lò, ìkẹrin lọ́pọ̀ ìgbà. Kí wọ́n dúró kí afẹ́fẹ́ inú tutù kí wọ́n tó tún tẹ̀ ẹ́, kí ìgbà mẹ́ta tẹ̀léra wọn sì bára mu. Ìdàpọ̀ afẹ́fẹ́ àti ẹsáńsì fún tọ́bò máa ń wà ní nǹkan bí 11.5 nígbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tán, ẹ́ńjìnnì aláìní tọ́bò láàárín 12.5 sí 13. Kí injẹ́tọ̀ má ṣiṣẹ́ ju 85% àkókò tó ní lọ. Bí ẹ bá rí ẹni tó fi gbohùngbohùn sétí láti gbọ́ nọ́ọ̀kì, ọ̀gá lẹ bá.

Nọ́ńbà inú ìwé tí dáínò tẹ̀ jáde kò tó ohun tí èèyàn ń bá ara rẹ̀ jà sí. Ìlànà ìṣírò yàtọ̀ síra: SAE J1349 ń ṣírò sí 25 °C, DIN 70020 sí 20 °C, STD àtijọ́ sì máa ń ga ju SAE lọ ní nǹkan bí 4%. Lọ́sàn-án Àjàṣẹ́, pẹ̀lú ọ̀rinrin, kọ̀ǹpútà dáínò ń fi kún nọ́ńbà, àfikún yẹn sì máa ń pọ̀jù fún ọkọ̀ tọ́bò torí tọ́bò ti tún ìfúnpá ara rẹ̀ ṣe. Kí wọ́n tẹ èyí tí wọn kò tún ṣírò jáde fún yín pẹ̀lú. Tí smoothing (dídán ìlà inú ìwé) bá wà ní 5, ó lè bo ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń kọsẹ̀. Lórí ìwé tó lo hp (agbára) àti lb-ft (tọ́ọ̀kì) pẹ̀lú ìwọ̀n kan náà, ìlà méjèèjì gbọ́dọ̀ pàdé ní ìyípo 5252; bí wọn kò bá pàdé, ẹnì kan ti tún un yà. Ìwé tí wọ́n ya ní àárọ̀ ọyẹ́ kò ṣeé fi wé ti ọ̀sán oṣù kẹrin: ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe ti ìṣáájú àti ti ìkẹyìn lọ́jọ́ kan náà, lórí ẹ̀rọ kan náà.

Ẹ bá wọn ṣàdéhùn ṣáájú nípa iye tí ẹ máa san bí kílọ́ọ̀ṣì bá yọ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí iṣẹ́ sì dúró, àti bóyá wọ́n máa fi ọ̀rọ̀ aṣínà ti kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì pa kí ẹlòmíì má lè fọwọ́ kàn án. Bí dáínò tí ẹ yàn bá wà ní Èkó, ẹ mú Carte brune CEDEAO (ìwé ìbánigbófò ọkọ̀) dání kí ẹ tó dé ibodè Krake, kí ẹ sì rọ ẹsáńsì kún táǹkì nílé kí ẹ tó gbéra. Kí wọ́n má fi ẹsáńsì Èkó tọ́ ẹ́ńjìnnì tó máa jẹ ti Àjàṣẹ́.