Kọ́kọ́rọ́ ààbò USB mi, àti ìbéèrè kan ṣoṣo tí wọn ò fẹ́ dáhùn

Bó ṣe rí àti bó ṣe ń ṣiṣẹ́, mi ò ní sọ ìyẹn, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, ẹ ó kì í bọ kọ̀ǹpútà, ẹ ó fọwọ́ kàn án, á jẹ́rìí fún sáìtì pé ẹ̀yin gan-an lẹ fẹ́ wọlé, ó parí. Ìdáhùn tí àwọn kọ́sítọ́mà kíà ilé iṣẹ́ tó ṣe é fún mi ló jẹ́ kí n jókòó kọ èyí.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, Thomas Roche ti NinjaLab ní ilẹ̀ Faransé gbé ìwádìí tó pè ní EUCLEAK jáde. Ó fi hàn pé ìṣirò tí Infineon, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe chip, kọ sínú àwọn chip wọn ń jò, irú chip tó wà nínú àwọn kọ́kọ́rọ́ bíi tèmi. Tí chip bá fẹ́ fi ECDSA, ìyẹn ọ̀nà ìṣirò tí wọ́n fi ń buwọ́ lu nǹkan lórí kọ̀ǹpútà, buwọ́ lu nǹkan, ó máa ń mú nọ́ńbà àṣírí kan tí kò gbọdọ̀ lò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ó sì ń fi ọgbọ́n ìṣirò Euclid yí i sódì. Àkókò tí ìyẹn ń gbà kì í dọ́gba, bí nọ́ńbà yẹn bá ṣe rí ló ń gùn tó ń kúrú, ẹni tó bá gbé ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ìtànṣán iná mànàmáná sún mọ́ chip náà á máa gbọ́ ìyàtọ̀ yẹn, tó bá ti rí nọ́ńbà yẹn báyìí, kọ́kọ́rọ́ àṣírí fúnra ẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà inú chip tí wọ́n fi ń buwọ́ lu nǹkan, ti di tiẹ̀ nìyẹn. Ọdún 14 ni àléébù yìí fi wà níbẹ̀, nǹkan bí ìgbà 80 ni wọ́n ti yẹ ọjà yẹn wò fún ìwé ẹ̀rí, ẹnikẹ́ni ò rí i.

Mo kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ tó ṣe kọ́kọ́rọ́ mi, mo fi nọ́ńbà firmware ẹ̀, ìyẹn ètò tó ń darí ẹ̀ látinú, sí i: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Nọ́ńbà firmware tèmi rèé, ṣé ọ̀rọ̀ yìí kàn án?" Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó tán! Ọjọ́ 4 ni wọ́n fi dákẹ́. Ìgbà tí wọ́n máa fọhùn: "Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ kàn sí wa. Ọjà wa gba ìwé ẹ̀rí tó ga jù lọ, ẹ fọkàn yín balẹ̀." Ìwé ẹ̀rí kẹ̀? Ṣebí abẹ́ ìwé ẹ̀rí ọ̀hún ni àléébù yẹn sá pamọ́ sí. Mo tún kọ, ọ̀rọ̀ kan náà ló tún dé, orúkọ ẹni tó fọwọ́ sí i nìkan ló yàtọ̀. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ló wá bí mi nínú jù, ó ní kí n lọ ṣe àfikún tuntun sí firmware mi, nígbà tó jẹ́ pé ara páálí tí wọ́n dì í sí ni wọ́n kọ ọ́ sí pé kò ṣeé yí padà mọ́.

Ìgbà ẹlẹ́ẹ̀kẹrin, obìnrin kan láti ẹ̀ka ààbò wọn ló dáhùn. "Ẹ má bínú sí wa, sà. Bẹ́ẹ̀ ni, tiyín wà lára ẹ̀." Hàà, mo mí kanlẹ̀. Ó ṣàlàyé pé olè náà gbọ́dọ̀ mú kọ́kọ́rọ́ ọ̀hún lọ́wọ́, kó tú u, kó ní ẹ̀rọ olówó ńlá, kó sì ti mọ páswọ́ọ̀dù mi tẹ́lẹ̀. Ó ní àwọn mọ̀ọ́mọ̀ má jẹ́ kí firmware ṣeé yí ni, torí ọ̀nà tí àwọn bá lè gbà wọlé, olè náà á gbà á. Ó bẹ̀ mí pé kí n má torí ẹ̀ padà sí kóòdù tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ lórí SMS, pé tó bá sọnù lọ́jọ́ kan, kí n yọ ọ́ kúrò lórí gbogbo àkáǹtì mi lọ́jọ́ náà gan-an. Obìnrin yẹn mọṣẹ́, ó sì bọ̀wọ̀ fún mi.

Òótọ́ ló sì sọ, torí kọ́kọ́rọ́ yìí ti yọ mí. Mo tẹ líǹkì ayédèrú kan lóṣù tó kọjá, lẹ́tà kan ṣoṣo ni wọ́n yí nínú orúkọ sáìtì yẹn, ojú mi ò gbé e rárá. Mo ti tẹ páswọ́ọ̀dù mi sí i tán, mo fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́, kò dáhùn, torí orúkọ sáìtì tòótọ́ ni wọ́n so mọ́ ìbuwọ́lù ẹ̀. Ara mi gbọ̀n lọ́jọ́ yẹn.

Àmọ́ wọn ò pààrọ̀ ẹ̀ fún mi o, wọ́n ní kí n ra tuntun, títí di òní ni wọ́n sì ń ta irú tèmi láìkọ ìkìlọ̀ kankan sí i.

Ìràwọ̀ 2 nínú 5. Mo ti ra ìkejì lọ́wọ́ wọn, èyí tó ní firmware tuntun.