Ẹ̀ṣẹ̀ di àmì ìbéèrè márùn-ún: ohun tí ojú mi rí lọ́wọ́ àwọn tó gba sáìtì mi sílé

Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye àyè tí ilé-iṣẹ́ tó ń gbé sáìtì mi ń fúnni àti bí sáfà wọn, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí sáìtì ń gbé inú rẹ̀, ṣe lágbára tó, kó lọ wo ojú ìwé tí wọ́n fi ń polówó ara wọn. Gbogbo ẹ̀ wà níbẹ̀, wọn ò sì parọ́. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ kan péré ni mo wá sọ.

Mo ní ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá kékeré kan lórí wẹ́ẹ̀bù. Èmi fúnra mi ni mo kọ kóòdù rẹ̀, èmi náà ni mò ń kó ọ̀rọ̀ sí i, ó sì ti lé díẹ̀ ní 4,200. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí ilé-iṣẹ́ hosting yìí ti ń gbé e, mi ò sì ní ẹjọ́ kankan bá wọn rò. Ó ń yára ṣí. Ìwé ẹ̀rí HTTPS tí Let's Encrypt ń fúnni, tí kì í lò ju 90 ọjọ́ lọ, ń sọ ara rẹ̀ dọ̀tun láìjẹ́ pé mo rántí pé ó wà. Ẹni tó bá ti fi ọwọ́ ṣe èyí rí, tó gbàgbé, tí gbogbo bíráósà wá ń sọ fáwọn èèyàn pé sáìtì rẹ̀ léwu, á mọ̀ pé nǹkan kékeré kọ́ ni mò ń yìn.

Ni wọ́n bá fi ímeèlì ránṣẹ́ pé àwọn ń kó mi lọ sórí sáfà tuntun. "Ẹ ò ní ṣe ohunkóhun." Inú mi dùn. Wọ́n kó mi lọ lóru, ilẹ̀ mọ́, sáìtì ṣí, mo tún rí i pé ó yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo kó ọ̀rọ̀ tuntun sí i láàárín ọ̀sẹ̀ náà, gbogbo wọn sì hàn dáadáa lójú ìwé àkọ́kọ́, torí àwọn tuntun nìkan ni mo ní kó máa hàn níbẹ̀.

Ọjọ́ kẹfà ni ẹnì kan tí mi ò mọ̀ rí kọ̀wé sí mi: "Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ????? túmọ̀ sí? Ṣé àlọ́ ni?"

Mo ṣí i. Ẹ̀ṣẹ̀ ni. Gbogbo lẹ́tà rẹ̀ àti àmì orí rẹ̀ ti di àmì ìbéèrè, kò ku ẹyọ kan. Mo yí i wálẹ̀, ọjọ́ ti di ?j??. Ọkọ̀ di ?k??, ọkọ́ náà di ?k??, kò sí ẹni tó lè sọ èyí tí wọ́n ń wà àti èyí tí wọ́n fi ń kọ ebè. "Ilé" ò wó o, "ìwé" ò ya, "oko" wà níbi tó wà. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí n mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Latin1, ètò lẹ́tà àtijọ́ tí MySQL, ètò tó ń tọ́jú dátábéèsì tí àwọn ọ̀rọ̀ mi wà, máa ń lò bí ẹnikẹ́ni ò bá yan òmíràn, títí ẹ̀dà 8.0 fi jáde ní 2018, mọ é, ó mọ ì, ṣùgbọ́n kò mọ ẹ, kò mọ ọ, kò mọ ṣ, kò sì mọ àmì tó dá dúró tí a ń gbé lé wọn lórí. Ẹni tó kó dátábéèsì mi jáde gba ọ̀nà latin1 kó o. Gbogbo ohun tí ọ̀nà yẹn ò mọ̀, ó fi "?" dípò rẹ̀.

Ìyàtọ̀ wà níbẹ̀ o. Bí ẹ bá rí á» níbi tó yẹ kí ọ wà, ẹ fọkàn balẹ̀: ọ̀rọ̀ náà ṣì wà níbẹ̀, ẹ̀rọ ló ń ṣì í kà. Àmì ìbéèrè lẹ máa bẹ̀rù. Mo ní kí dátábéèsì fi HEX "ọjọ́" hàn mí, ìyẹn báìtì tí kọ̀ǹpútà fi pa á mọ́, àmì méjì fún báìtì kọ̀ọ̀kan. E1BB8D6AE1BB8DCC81 ló yẹ kí n rí, báìtì mẹ́sàn-án. 3F6A3F3F ni mo rí. 3F ni àmì ìbéèrè gan-an. Ọ̀rọ̀ náà kò sí mọ́.

Mo wá lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ wọn. Ẹni àkọ́kọ́ kì í ṣe èèyàn, rọ́bọ́ọ̀tì ni. Ó bi mí bóyá sáìtì mi ò ṣí ni. Mo tẹ Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó ní inú àwọn dùn pé ìṣòro mi ti yanjú, ó sì pa ìjíròrò náà dé.

Ẹni kejì ní kí n nu cache bíráósà mi, àwọn ojú ìwé àtijọ́ tó fi pamọ́. Mo mọ̀ pé kò kan cache, ṣùgbọ́n mo nu ún, torí wọn kì í bá ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ ilé dání jà. Ẹni kẹta ní fọ́ǹtì ni. Mo fi HEX náà ránṣẹ́ sí i. Ó fún mi ní ìlànà bí wọ́n ṣe ń gbé fọ́ǹtì sórí kọ̀ǹpútà. Ẹni kẹrin tiẹ̀ fẹ́ gbìyànjú: ó sọ àwọn tébù mi di utf8mb4, ètò lẹ́tà tó mọ gbogbo lẹ́tà wa, ó ní ó ti parí. Utf8mb4 dára, ṣùgbọ́n àmì ìbéèrè tí wọ́n bá sọ di utf8mb4, àmì ìbéèrè náà ni. Mo ṣàlàyé. Ó dákẹ́ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó wá kọ ọ́ sí mi pé:

"Ṣé ẹ ò kúkú lè máa kọ èdè yín láìsí àwọn àmì yẹn ni?"

Mo dìde lórí àga. Mo rìn yí yàrá ká. Mo ti kọ ìràwọ̀ 1 sílẹ̀ nínú ọkàn mi, pẹ̀lú àwọn ọ̀rọ̀ tí mi ò lè kọ síbí.

Mo ní kò burú, màá lo báákọ́ọ̀pù tèmi. Mo ní cron, iṣẹ́ tí ẹ̀rọ ń ṣe fúnra rẹ̀ lásìkò, tó ń ṣe é lóròòru, èmi ni mo kọ ọ́, mo sì máa ń fi í yangàn. Mo ṣí fódà náà. Fáìlì tò lọ rẹrẹ, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú tirẹ̀. Báìtì 0. Báìtì 0. Báìtì 0. Oṣù mẹ́rin sẹ́yìn ni mo ti yí password dátábéèsì padà, mi ò sì sọ fún cron. Ìbínú mi kò lọ, ṣùgbọ́n ohùn mi rẹlẹ̀ díẹ̀.

Òru ni ẹni karùn-ún gba tíkẹ́ẹ̀tì náà, ìyẹn ẹjọ́ tí mo fi sùn wọ́n. Kò kí mi ní kíkí ẹ̀rọ. Ìbéèrè rẹ̀ àkọ́kọ́ ni pé: "HEX tí ẹ fi ránṣẹ́ yìí, inú dátábéèsì lẹ ti rí i, àbí inú fáìlì tí ẹ kó jáde?" Mo ní inú dátábéèsì. Ó ní: "Ó ti bàjẹ́ lórí sáfà tuntun nìyẹn. Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan. Ọjọ́ méje la máa ń fi sáfà àtijọ́ sílẹ̀ ká tó pa á rẹ́. Ọ̀la ló pé méje."

Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ìlà kan ṣoṣo wọlé: E1BB8D6AE1BB8DCC81. "Ṣé èyí ni?"

Mo kà á ní méjì-méjì, mo fi ìka tọ̀ ọ́ lójú ẹ̀rọ. Mẹ́sàn-án pé. Ọjọ́ ni.

Ó rántí ohun tí èmi gan-an ò rántí: ọ̀rọ̀ 31 tí mo kó sí i láàárín ọ̀sẹ̀ náà kò sí lórí sáfà àtijọ́. Ó yọ wọ́n sọ́tọ̀, ó kó ti àtijọ́ wá lọ́nà tó tọ́, ó dá àwọn 31 padà sí i. Ogójì ìṣẹ́jú, ó parí. Ẹ̀ṣẹ̀ padà sípò. Ó tún kọ ọ́ sísàlẹ̀, láìfi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Mo rí i pé cron yín ń kọ fáìlì òfìfo. Ẹ bá a wo password rẹ̀."

Àwọn tó ba nǹkan jẹ́ kò bẹ̀bẹ̀ títí di òní. Ímeèlì tí wọ́n fi pa tíkẹ́ẹ̀tì náà dé ṣì pè é ní ìṣòro fọ́ǹtì. Mi ò sì mọ iye èèyàn tí wọ́n kó lọ lóru ọjọ́ yẹn tí kò ní ẹni tó máa béèrè bóyá àlọ́ ni.

Mo ti sanwó ọdún tó ń bọ̀. Nígbà tí wọ́n ní kí n fi ìràwọ̀ díwọ̀n iṣẹ́ wọn, mo tẹ ìràwọ̀ 4 nínú 5, mo sì kọ "ẹ ṣé" sínú àpótí ọ̀rọ̀ fún ẹni òru yẹn. Ímeèlì wọn dé lójú ẹsẹ̀ pé àwọn ti gba ohun tí mo kọ, wọ́n sì tún un kọ sábẹ́ rẹ̀ kí n lè rí i:

? ?é