Módẹ́ẹ̀mù àti Gammu, àbí yúníìtì SMS orí íntánẹ́ẹ̀tì: èwo ni kí ẹ náwó lé?

Akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni mí ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Fóònù kékeré ló wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ wa, nítorí náà àtẹ̀jíṣẹ́ la fi ń pè wọ́n sí ìpàdé. Mo ti ra yúníìtì lọ́wọ́ àwọn tó ń bá ni fi SMS ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní báyìí, módẹ́ẹ̀mù USB ni mò ń lò, Gammu, ètò kọ̀ǹpútà kan, ni mo sì fi ń darí rẹ̀ lórí láptọ́ọ̀pù Linux.

Bó bá jẹ́ ti kíákíá, yúníìtì ló yá; ọ̀kọ̀ọ̀kan ni módẹ́ẹ̀mù ń fi tirẹ̀ ránṣẹ́. Yúníìtì tún lè gbé orúkọ ẹgbẹ́ jáde, bí kò bá ju lẹ́tà 11 lọ.

Ṣùgbọ́n ṣé iṣẹ́ tí a rán dé, ṣé èsì sì padà wá? Láti 2016 ni NCC, àjọ tó ń darí iléeṣẹ́ fóònù ní Nàìjíríà, ti ní kí wọ́n fi nọ́ńbà 2442 sílẹ̀ fún ẹni tí kò bá fẹ́ àtẹ̀jíṣẹ́ ìpolówó, ohun tí a ń pè ní DND (Do Not Disturb). Ẹni tó bá ti tan DND, àtẹ̀jíṣẹ́ tó bá gba ojú ọ̀nà ìpolówó kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ì báà ṣe ìpàdé ẹgbẹ́ lẹ fi pè é. Àwọn tí mo ra yúníìtì lọ́wọ́ wọn yọ owó èyí tó dé, wọ́n yọ owó èyí tí kò dé. Ọjọ́ ìpàdé pé, àga ṣófo, àwọn àgbà wá ń bi mí ìdí tí mo fi yọ wọ́n sílẹ̀. Nígbà tí mo fi sùn àwọn tó ta yúníìtì, wọ́n ní kí n ra ojú ọ̀nà mìíràn tó tún wọ́n ju ti àkọ́kọ́. Ẹni tí tirẹ̀ tilẹ̀ dé kò rí ibi fèsì sí, nítorí orúkọ ló rí, kì í ṣe nọ́ńbà.

Síìmù inú módẹ́ẹ̀mù ní tirẹ̀, bíi ti fóònù ẹnikẹ́ni ni. Bí màmá kan bá fèsì pé ara òun kò yá, mo tẹ `gammu getallsms`, èsì rẹ̀ jáde. Bí kò bá síná, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á bá wa tọ́jú èsì fún ìgbà díẹ̀ títí a ó fi tan ẹ̀rọ.

Ẹ má gbàgbé àmì ìsàlẹ̀ lẹ́tà. Bí ọ tàbí ṣ bá ti wọ inú ọ̀rọ̀, ojú ewé kan á kúrò ní lẹ́tà 160, á di 70. Ọ̀nà méjèèjì nìyẹn kàn, ṣùgbọ́n lórí Gammu ẹ gbọ́dọ̀ fi `-unicode` sí àṣẹ tí ẹ fi ń ránṣẹ́.

Bí ẹ bá lọ ra módẹ́ẹ̀mù ní Adó, ẹ gbé láptọ́ọ̀pù dání. Ẹ yàgò fún èyí tí wọ́n ń pè ní HiLink, irú Huawei E3372h: bíi káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ń ṣe, Gammu kì í sábà rí i bá sọ̀rọ̀. Ẹ tẹ `gammu identify`. Bí orúkọ àti IMEI rẹ̀ (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹ̀rọ náà) bá jáde, ẹ sanwó.

Ẹni tó ń polówó fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn, tí kò retí èsì, kó ra yúníìtì, kó sì kọ́kọ́ béèrè bóyá wọ́n ń dá owó DND padà. Ẹgbẹ́, ìjọ tàbí ilé-ẹ̀kọ́ tó fẹ́ gbọ́ ohùn àwọn ènìyàn rẹ̀, kó ra módẹ́ẹ̀mù. Ọ̀fẹ́ ni Gammu. NIN ẹni tí kò ní fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ lọ́la ni kí ẹ fi forúkọ síìmù náà sílẹ̀.